Alága Pátápátá àti Èlé Owó Ìdógò

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti rí ìtàn yìí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo ń ba ènìyàn lórúkọ jẹ́. Ẹnu ẹni tó ni ìtìjú náà gan-an ni mo ti gbọ́ ọ. Òun ló jókòó tì mí, tó ń sọ ọ́, tó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀, tó sì ń bá mi jà bí mo bá fẹ́ fo ibi tó ti ṣe bí òmùgọ̀ jù. "Kọ ọ́ síbẹ̀," ló ń wí. "Ta ló ní kí o máa bò mí láṣìírí?" Nítorí náà, níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti le jù, ẹ má dá mi lẹ́bi. Ohun tí wọ́n ní kí n kọ ni mo kọ.

Alága Ìgbìmọ̀ Ọ̀rọ̀ Ilé Gbígbé ni ọkùnrin náà. Iṣẹ́ yẹn kò tóbi. Bí onílé àti ayálégbé bá ń jà, ìgbìmọ̀ náà ló máa pè wọ́n jókòó, tó máa gbọ́ tẹnu wọn, tó sì máa sọ ẹni tó jàre. Yàrá mẹ́ta ni ọ́fíìsì wọn, lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta bàtà. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ há débi pé bí ẹnì kan bá ń gòkè, ẹni tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní láti dúró dè é. Ṣùgbọ́n kí oṣù mẹ́ta tó pé tí wọ́n fi ọkùnrin yìí sípò, ó ti ń rìn níbẹ̀ bí ẹni pé òun ló dá ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ọ lé.

Ó kọ́kọ́ rí i pé "Alága" nìkan kéré sí òun. Ó fi "Pátápátá" kún un. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún fi "Olùdarí Àgbà fún Ilé, Yàrá, Ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ẹ̀yìnkùlé àti Gbogbo Ohun Tó Fara Pẹ́ Ẹ" kún un. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bá òun sọ̀rọ̀, kó kọ́kọ́ pe oyè náà tán. Akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó mọ ìgbà tó yẹ kí ènìyàn pàtẹ́wọ́ ju bó ti mọ ìwé kíkọ lọ, ló ń pè é láràárọ̀, tíì Alága á sì ti tutù kó tó parí. Lọ́jọ́ kan, iná ran aṣọ fèrèsé. Akọ̀wé sáré wọlé, ó ń mí hẹlẹ: "Alága Pátápátá, Olùdarí Àgbà fún Ilé, Yàrá, Ọ̀dẹ̀dẹ̀..." Kó tó dé Ẹ̀yìnkùlé, aṣọ fèrèsé ti jó tán.

Ìyẹn kò tíì tó o. Ó pe káfíńtà, ó ní kó gé ẹsẹ̀ gbogbo àga tí àwọn tó ń wá fẹjọ́ sùn ń jókòó lé, níwọ̀n ìka mẹ́rin, kó sì fi pákó gbé tòun sókè. Káfíńtà béèrè ìdí. "Kí àwọn ará ìlú lè máa gbójú sókè wo ìjọba ni," Alága dá a lóhùn. Káfíńtà gé e, ṣùgbọ́n kò gé e dọ́gba, gbogbo ẹni tó bá jókòó níbẹ̀ sì ń mì síwá sẹ́yìn bí ẹni tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Alága ń wò wọ́n, inú rẹ̀ ń dùn. Ó gbà pé ìbẹ̀rù òun ló ń mì wọ́n.

Orí irú àga bẹ́ẹ̀ ni aránṣọ kan wá jókòó sí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Obìnrin kúkúrú ni, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ti gbàgbé láti yọ ọ́ nígbà tó ń bọ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi gbé yàrá méjì: ó ń sùn nínú ọ̀kan, ó ń ránṣọ nínú èkejì. Lọ́jọ́ tó kó wọlé, ó san owó ìdógò fún onílé, èyíinì ni owó tí ayálégbé ń fi sílẹ̀ pé bí òun bá ba nǹkan jẹ́, kí onílé fi tún un ṣe. Bí òun kò bá sì ba nǹkan jẹ́, kó dá a padà lọ́jọ́ tí òun bá ń lọ. Kò ba nǹkan kan jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló tilẹ̀ fi owó ara rẹ̀ kun ilé náà lọ́dà. Nígbà tó wá fẹ́ kó jáde, onílé ka owó náà fún un bó ṣe gbà á, kò lé, kò dín.

"Ẹ gbọ́ sà," aránṣọ ní, ó di àga mú kó má baà ṣubú, "nígbà tí mo fún wọn lówó yẹn, ó tó ra ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun. Mo gbé e lọ sọ́jà lánàá, wọ́n ní kò tó ra ẹsẹ̀ ẹ̀rọ. Ọdún mọ́kànlá ló fi wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń ná an. Ṣé kò yẹ kí wọ́n fún mi ní èlé lórí ẹ̀ ni? Ṣọ́ọ̀bù kan wà tí mo fẹ́ gbà. Owó ìdógò tiwọn ti gòkè, ìparí oṣù yìí ni wọ́n sì dá fún mi. Bí mi ò bá rí i san, mi ò níbi tí màá gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sí."

"Ta ni onílé yín?"

"Bàbá Sìmẹ́ńtì ni, sà."

Alága gbé ara rẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀. Bàbá Sìmẹ́ńtì ni ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onílé. Sìmẹ́ńtì ló ń tà, ilé mẹ́rìnlá ló sì ti fi ohun tó ń tà kọ́.

"Màdáámú," Alága ní, "ọ̀rọ̀ tí ẹ gbé wá yìí jinlẹ̀. Ó jinlẹ̀ ju ẹ̀yin tí ẹ gbé e wá lọ. Ó tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jinlẹ̀ tó èmi alára. Ẹ fún mi láyè kí n ronú."

Kò ronú rárá. Òun ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ó ní bí aránṣọ ti jáde báyìí ni òun gbé ìwé ìròyìn, tí òun ń wá àwòrán ara òun nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Sìmẹ́ńtì kó onílé mẹ́fà lẹ́yìn, wọ́n dé. Wọ́n pe oyè náà tán pátá láìfo ọ̀rọ̀ kan, wọ́n tún tún un pè lẹ́ẹ̀kejì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n tún un pè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú aṣọ lára férémù ńlá kan. Wọ́n fi lẹ́tà aláwọ̀ wúrà kọ ọ́ síbẹ̀ pé: BÀBÁ GBOGBO ÒRÙLÉ.

"Bí a bá dùbúlẹ̀ lálẹ́," Bàbá Sìmẹ́ńtì ní, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé àyà, "tí a gbójú sókè, tí a rí àjà, ẹ̀yin la rò pé a ń rí. Bí òjò bá rọ̀ tí kò pa wá, a ó ní Alága ló dáàbò bò wá."

Omi lé ròrò sójú Alága. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ," ó ní. "Akọ̀wé kò tíì kọ ọ́ tán."

Wọ́n tún un sọ. Akọ̀wé pàtẹ́wọ́.

"Aránṣọ kan ló wá fẹ́ da ìlú rú," Bàbá Sìmẹ́ńtì ń bá a lọ. "Bí a bá sanwó èlé fún aránṣọ lónìí, onígbàjámọ̀ á béèrè tirẹ̀ lọ́la. Káfíńtà á béèrè. Níbo la ó ti rí owó kọ́lé mọ́? Bí a kò bá sì kọ́lé mọ́, òrùlé wo ni ẹ ó máa ṣe bàbá rẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Alága lára gidi. Ó rí ara rẹ̀ níta gbangba, ó jẹ́ bàbá, kò sì sí òrùlé kan ṣoṣo tó jẹ́ ọmọ rẹ̀.

Ó gbé férémù náà lọ sílé kí wọ́n tó wá kàn án mọ́ ògiri ọ́fíìsì, kí ìyàwó rẹ̀ lè rí i. Ìyàwó yìí ń ṣiṣẹ́ nílé ìpoògùn. Àárín ọ̀sán Sátidé ni, ó ń lọ aṣọ. Ó ka ohun tó wà nínú férémù, ó gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀.

"Bàbá gbogbo òrùlé," ó ní. "Ẹ kú oríire, Bàbá wọn. Òrùlé ilé ìdáná wa ń jò láti ọdún tó kọjá. Ẹ kọ́kọ́ lọ ṣe bàbá fún ìyẹn."

"Ìwọ kò mọ ohun tí ọlá jẹ́."

"Mo mọ ohun tí garawa mẹ́ta nílẹ̀ ilé ìdáná jẹ́." Ó gbé áyọ́ọ̀nù padà. "Aránṣọ yẹn ńkọ́? Kí lẹ fẹ́ sọ fún un?"

Alága ní òun ti ní ọ̀nà kan tí ẹnikẹ́ni kò ní lè jiyàn sí. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni òun máa fi yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ìyàwó rẹ̀ wò ó bí wọ́n ṣe ń wo ọmọ tó gbé ìṣáná dání.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Alága pe aránṣọ, ó pe Bàbá Sìmẹ́ńtì, ó pe akọ̀wé, ó sì mú owó bébà mẹ́wàá jáde lápò ara rẹ̀, owó tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti báńkì dé, tó le gbagidi. Ó kà á lójú gbogbo wọn. Ó kó o sínú àpòòwé, ó lu òǹtẹ̀ mẹ́rin mọ́ ọn, ó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó sì fún akọ̀wé ní kọ́kọ́rọ́.

"Ìwádìí Ìjìnlẹ̀ Ọlọ́gbọ̀n Ọjọ́ nìyí," ó kéde. "Bí owó bá jẹ́ ohun tó ń bí sí i bó bá wà níbì kan, a ó rí ohun tó bí. Bí kò bá bí nǹkan kan, a jẹ́ pé irọ́ ni ohun tí wọ́n ń pè ní èlé, ìjọba á sì pa á rẹ́."

"Ọgbọ̀n ọjọ́ kẹ̀?" Aránṣọ dìde lórí àga tó ń mì. "Sà, mo ní ìparí oṣù ni wọ́n dá fún mi. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló kù."

"Màdáámú, ẹ kò lè máa lé ìmọ̀ léré."

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko, láràárọ̀, Alága ń tẹ etí mọ́ dúrọ́ọ̀. Mo bi í léèrè ohun tó rò pé òun máa gbọ́. Ó ní òun kò mọ̀, ṣùgbọ́n akọ̀wé máa ń béèrè pé, "Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan, sà?" òun á sì mi orí bí ẹni tó mọ nǹkan tí kò fẹ́ sọ.

Oṣù parí. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù tí aránṣọ ń wá fún ẹlòmíràn.

Nígbà tí ọgbọ̀n ọjọ́ pé, yàrá ọ́fíìsì kéré jù fún irú ìkéde tí Alága fẹ́ ṣe, ó sì yá gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan. Àwọn onílé jókòó lápá ọ̀tún, àwọn ayálégbé lápá òsì, wọ́n pọ̀ débi pé àwọn kan dúró sẹ́nu fèrèsé. Akọ̀ròyìn méjì wà níbẹ̀. Ìyàwó Alága wà ní ìlà kẹta. Wọ́n gbé tábìlì ọ́fíìsì wá pẹ̀lú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ ní títì, ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tó há yẹn, ọ̀kan nínú wọn sì ṣì ń tiro.

Alága sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Mo ti rí ẹ̀dà ọ̀rọ̀ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni àkọ́kọ́ tó wọ inú ihò àpáta sá fún òjò. Ó béèrè bóyá ẹni náà san èlé. Ó dá ara rẹ̀ lóhùn pé kò san. Ó wá ṣí dúrọ́ọ̀, ó ya àpòòwé, ó gbé owó sókè, ó sì kà á kíkankíkan. Mẹ́wàá.

"Kò bí!" ó kígbe. "Ọgbọ̀n ọjọ́, kò bí!"

Àwọn onílé dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé náà pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n kò pa á dáadáa bó ti máa ń ṣe.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, aránṣọ bọ́ síwájú. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kan owó yẹn."

Alága nà án sí i. Ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún tẹ aṣọ wò kó tó rà á, ìka rẹ̀ mọ nǹkan. Ó fi àtàńpàkò pa ọ̀kan, ó pa èkejì. Ó gbé ìkẹta símú.

"Owó tí ẹ kó síbẹ̀ kọ́ nìyí," ó ní. "Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Tuntun ni, ó le bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sítáàṣì sí. Èyí ti rọ̀ bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ nígbà ogún. Ó sì ń rùn bí ẹja."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Akọ̀wé dìde, òógùn ń kán lójú rẹ̀.

"Alága Pátápátá, Olùdarí Àgbà fún Ilé, Yàrá, Ọ̀dẹ̀dẹ̀..."

"Fi ìyẹn sílẹ̀!" Alága bú mọ́ ọn. "Sọ̀rọ̀!"

"Ìyàwó mi ló ń ta ẹja inú yìnyín, sà. Mo yá a lówó náà ní ọjọ́ kejì. Ó fi ra páálí ẹja kan, ó tà á, ó tún ra òmíràn. Ó dá a padà lánàá, sà, mo sì lu òǹtẹ̀ tuntun mọ́ àpòòwé mìíràn. Ó pé. Kò dín ẹyọ kan."

"Èrè ńkọ́?" aránṣọ béèrè.

Akọ̀wé wo ilẹ̀. "Èrè ti di bàtà àwọn ọmọ."

Apá òsì gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì rékọjá sí apá ọ̀tún. Àwọn onílé kan tó ń fi ọwọ́ bo ẹnu kò rí i bò mọ́. Aránṣọ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ti gbọ́," ó ní. "Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, owó Alága ti ra bàtà fún ọmọ ọlọ́mọ, Alága kò sì mọ̀. Tèmi wà lọ́wọ́ Bàbá Sìmẹ́ńtì fún ọdún mọ́kànlá. Kí ló ti rà?"

Ibi tí Alága bá ìtàn rẹ̀ dé lọ́dọ̀ mi yìí ló ti mi orí. "Ká ní mo dìde níbẹ̀ yẹn, ká ní mo ní inú ń run mi, màá ṣì wà nípò dòní. Wọn ì bá rẹ́rìn-ín fún ọ̀sẹ̀ kan, wọn ì bá gbàgbé. Ṣùgbọ́n ṣé èmi ni wọ́n máa fi rẹ́rìn-ín, kí n sì dákẹ́?"

Kò dákẹ́. Ó lu aago tó wà lórí tábìlì. Ó ní ìwà akọ̀wé kan kò yí ìmọ̀ padà. Ó ní ariwo ẹnu lásán ni àwọn ayálégbé ń pa. "Ẹ mú ohun kan wá tí ọ̀mọ̀wé kọ!" ó ní. "Ẹ mú ìwé kan ṣoṣo wá, tó ní orí, tó ní ìdí, tó sọ pé ó yẹ kí onílé san èlé lórí owó ìdógò, èmi yóò sì kà á sí." Ó ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò sí lábẹ́ ọ̀run, ó dá òun lójú.

Aránṣọ tọwọ́ bọ báàgì rẹ̀. Oníbàárà rẹ̀ kan, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ló fún un ní lẹ́tà àtijọ́ kan láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ní bí ọ̀rọ̀ bá le, kó kà á, kó má sọ ẹni tó kọ ọ́. Agbẹ̀bí náà fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, lẹ́yìn pátápátá, ó fi ọ̀pá sáàárín orúnkún. Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í kà:

"'Ìyá onílé mi ọ̀wọ́n, pẹ̀lú ìtẹríba tó jinlẹ̀ bí kànga ni mo fi gbé bíírò mi. Ọdún mẹ́rin nìyí tí mo ti ń gbé inú ilé yín, tí owó ìdógò mi sì ń gbé ọ̀dọ̀ yín...'"

Nǹkan kan dùn mọ́ Alága létí. Kò mọ ohun tó jẹ́. Ó kàn ń mi orí díẹ̀díẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ti ń mì ṣáájú ẹni tó ń kàwé.

Bàbá Sìmẹ́ńtì pòṣé, ó dún káàkiri gbọ̀ngàn. "Òpònú wo ló kọ gbogbo rádaràda yìí? 'Jinlẹ̀ bí kànga'! Ta ló ń gbẹ́ kànga nínú lẹ́tà? Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á kọ ju èyí lọ."

Ìyàwó Alága, ní ìlà kẹta, ti rí ojú ọkọ rẹ̀. Ó ń mi orí sí i: rárá, rárá, rárá.

Alága ti dìde.

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé yín!" ó kígbe. "Ẹ̀yin tí sìmẹ́ńtì nìkan lẹ mọ̀! Ẹni tó kọ 'jinlẹ̀ bí kànga' mọ ohun tó ń ṣe. Bó bá ní 'jinlẹ̀ bí òkun', àsọdùn ni. Kànga ni ènìyàn ń bẹ̀rẹ̀ kó tó rí omi inú ẹ̀. Ìtẹríba nìyẹn! Ẹ gbọ́ bó ṣe lọ síwájú!" Ó na ọwọ́, ó gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ aránṣọ, kò sì wò ó. Ojú rẹ̀ wà lókè àjà. "'Ẹ rò ó wò, mà. Èmi ń yá ilé yín gbé, ẹ̀yin ń yá owó mi lò. Èmi jẹ́ ayálégbé nínú ilé yín, ẹ̀yin náà jẹ́ ayálégbé nínú owó mi. Lóṣooṣù ni mo ń san tèmi, n kò jẹ yín ní gbèsè rí. Ẹ dákun, ẹ san tiyín.' Ta ló fẹ́ jiyàn sí i? Ta ló lè jiyàn sí i? Kò sí èsì! Ogún ọdún ó lé ni mo fi ń wá èsì sí ọ̀rọ̀ yẹn, n kò tíì rí i!"

Ìgbà yẹn ló wá wo àwọn ènìyàn.

Lẹ́yìn gbọ̀ngàn, agbẹ̀bí fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ dìde. "Ẹ kú àtijọ́, tíṣà," ó ní. "Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbàgbé rẹ̀. Èmi ni ìyá onílé inú lẹ́tà. Mo ka lẹ́tà yín, mo rẹ́rìn-ín, mo sì san èlé yẹn pé. Òun lẹ fi ra kóòtù tí ẹ wọ̀ lọ béèrè iṣẹ́ ìjọba."

"Alága," Bàbá Sìmẹ́ńtì rọra ní, ojú rẹ̀ ti yí padà, "ṣé lóòótọ́ lẹ ti gba èlé rí?"

Ó lè sẹ́. Ọwọ́ ta ni ẹ̀rí wà? Bébà àtijọ́ kan àti arúgbó kan ni. Ó ya ẹnu láti sẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá sẹ́ èlé náà, a ó sẹ́ lẹ́tà náà, bẹ́ẹ̀ sì ni lẹ́tà náà dára púpọ̀.

"Mo gbà á," ó ní. "Ó sì tọ́ sí mi."

Báyìí ni ìjókòó ọjọ́ náà ṣe parí. Ìwé ìròyìn méjèèjì gbé àwòrán rẹ̀ jáde níkẹyìn, ojú ewé kìn-ín-ní, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn onílé wá yọ férémù wọn kúrò lára ògiri, wọ́n yọ ìṣó pẹ̀lú. Lọ́jọ́ kẹrin, ìwé dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Ìlà méjì péré ni: "A dúpẹ́ fún iṣẹ́ yín. Ẹ dá kọ́kọ́rọ́ padà." Kò sí oyè kankan lórí rẹ̀. Ó yí bébà náà sí ẹ̀yìn bóyá wọ́n kọ ìyókù síbẹ̀.

Obìnrin tó ń tọ́jú fáìlì ní yàrá kẹta, tí Alága kò tíì bá sọ̀rọ̀ rí, ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Láàárín oṣù méjì, obìnrin yìí gbé òfin jáde láìlu aago: onílé tó bá di owó ìdógò mú ju ọdún kan lọ, kó máa san èlé lé e lọ́dọọdún, ní ìwọ̀n tí báńkì bá ń san. Bàbá Sìmẹ́ńtì san ti ọdún mọ́kànlá fún aránṣọ. Wọ́n ní ó ka owó náà fún un bí ẹni tó ń ka eyín ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù yẹn ti lọ. Ibi tí aránṣọ rí nígbẹ̀yìn jìnnà, ọ̀pọ̀ oníbàárà rẹ̀ kò sì lè rìn débẹ̀. Alága àná wá a lọ síbẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gbé ṣòkòtò mẹ́ta dání. Ó ti rù, ó fẹ́ kí ó bá òun dín wọn.

"Màdáámú," ó ní, "ọgbọ̀n ọjọ́ mi yẹn ló ba ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn jẹ́."

"Òun ni," aránṣọ ní. Kò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó yọ téèpù lọ́rùn. "Ẹ dúró dáadáa, kí n wọn ìdí yín."

Ó ní òun dúró dáadáa.

Lẹ́yìn ìgbà yẹn, ó ń kọjá níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, ó rí i tí wọ́n lẹ òfin tuntun náà mọ́ pátákó ìkéde. Aláàárù kan dúró níwájú rẹ̀, òṣùká ṣì wà lórí rẹ̀, ó ń wo ìwé náà bí ẹni tó ń wo ilẹ̀kùn títì.

"Bàbá, ẹ bá mi kà á. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ wa ni."

Ó kà á. Nígbà tó dé àárín, ó ka ìlà kan lẹ́ẹ̀mejì, nítorí wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ayálégbé ń yá ilé gbé, onílé ń yá owó lò. Kò sí orúkọ ẹni tó kọ ọ́ lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n sì gbàgbé àmì kan lórí "owó". Ó yọ bíírò, ó fi àmì náà sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé ọkùnrin yìí ti yí padà pátápátá.

"Ẹni tó kọ èyí mọ̀wé o," aláàárù ní. "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Tíṣà kan ni."

"Níbo ló wà báyìí?"

"Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti rí i. Wọ́n fi í jẹ alága níbì kan, ipò yẹn kò bá a lára mu." Ó tẹ bíírò rẹ̀ wọ inú, ó tún tẹ̀ ẹ́ síta. "Ọdún mélòó ni owó ìdógò tiyín ti wà lọ́wọ́ onílé?"

"Mẹ́fà."

"Ṣé ó ti fún yín ní nǹkan kan lórí ẹ̀?"

"Kò tiẹ̀ kí mi dáadáa."

Ó ra bébà lọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta òǹtẹ̀ lẹ́tà, ó sì jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ìfìwéránṣẹ́, ó fi bébà lé orúnkún. Aláàárù jókòó tì í, ó ń wò ó bó ṣe ń gbé bíírò sókè, tó ń wo ojú ọ̀run, tí ètè rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," aláàárù ní, "ẹ má jẹ́ kó gùn o."

"Mo máa gbìyànjú," ó ní.

Ojú ewé mẹ́rin ló kọ.